Wáyà 16 fún pọ́ǹpù 9 ámpù: iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ kan lọ́nà Kwali

Oko adìyẹ kan ni iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn Kwali, lójú ọ̀nà Lokoja. Kwali náà ni ìlú Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ọmọ Ọ̀fà ni Alájì tó ni oko. Ó ti pẹ́ ní Àbújá débi pé Haúsá ló fi ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jà, Yorùbá ló fi ń bá èmi jà.

Ẹnu géètì ni iná ti wọlé. Ibẹ̀ ni mítà káàdì, changeover àti jẹnẹrétọ̀ wà. Kànga ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀ oko pátápátá, nítorí ilẹ̀ olókùúta ni ìhà wa níbí: ibi tí àpáta bá ti là tí omi ń gbà kọjá lèèyàn ń gbẹ́, ẹnikẹ́ni kì í bi ọ́ bóyá ó súnmọ́ iná. Mo fi téèpù wọn ọ̀nà náà: 180 mítà láti changeover dé ẹnu kànga. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ tún wà ní 60 mítà nínú ilẹ̀.

Ẹjọ́ tí Alájì rò ni pé pọ́ǹpù ń kùn, kò yí. Bó bá yí lóru, kì í yí lọ́sàn-án. Wọ́n ti pààrọ̀ kàpásítọ̀ (ohun tó ń ran mọ́tọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra) inú control box, àpótí ìdarí pọ́ǹpù tó wà lẹ́nu kànga, wọ́n ti wé kọ́ìlì mọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú ti yọ bírékà 20 ámpù, ó fi 32 sí i kó má baà máa já.

"Ẹnjiníà, pọ́ǹpù ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Ẹ bá mi wá òmíràn."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn iná ná.

Ohun tí a bá nígbà tí a wọn ọ́n

Nígbà tí pọ́ǹpù wà ní pípa, multimeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn fólítì, ka 224 fólítì ní changeover. Ní ẹnu kànga, 224 náà ni. Ibí yìí ni púpọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ iná ti máa ń pa àpótí dé, tí a ó ní iná ń dé, pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà tí nǹkan kan ò gba inú rẹ̀ kọjá kò lè fi àìsàn rẹ̀ hàn ọ́. Ìgbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá ń rìn ni wáyà ń jẹ fólítì, bí kọ́rẹ́ǹtì bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe jẹ tó.

Mo dúró ní ẹnu kànga, mo yí multimeter sí ibi tó ti máa ń di fólítì tó kéré jù mú, ọmọ iṣẹ́ mi wà ní changeover, fóònù wà létí àwa méjèèjì. Ó tan án. Pọ́ǹpù kùn bí ẹni tí inú ń run, kò yí. Mo ní kó pa á kíá. Fólítì tó kéré jù tí multimeter dì mú jẹ́ 156.

A jẹ́ kí mọ́tọ̀ sinmi, a tún tàn án. Lọ́tẹ̀ yìí ó jàjà yí. Bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, 221 fólítì ló wà ní changeover, 185 ló dé control box, clamp meter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ámpù, sì ka 11 ámpù. Ìyẹn ni pé fólítì 36 ti nù lójú ọ̀nà kí iná tó dé ibi tó ń lọ.

Ẹ wo 11 ámpù yẹn dáadáa. 9 ni wọ́n kọ sára mọ́tọ̀ náà, ní 230 fólítì. Mọ́tọ̀ tí fólítì rẹ̀ bá relẹ̀ kì í dín iṣẹ́ rẹ̀ kù kó gba kádàrá. Ámpù ló máa fà sí i kó lè rí omi gbé, ámpù tó fà sí i á tún jẹ fólítì sí i nínú wáyà, kọ́ìlì á máa gbóná. Kọ́ìlì tí wọ́n wé nígbà àkọ́kọ́, mi ò rò pé ohun mìíràn ló jó o.

Ti 156 yẹn ló wá burú jù. Láti ẹnu kànga sísàlẹ̀, wáyà inú kànga tún ń jẹ nǹkan bíi 10 fólítì nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń gbéra, nítorí náà ohun tí mọ́tọ̀ rí kò ju 146 lọ, bíi 63 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó rí. Agbára tí irú mọ́tọ̀ yìí fi ń yí ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í bá fólítì relẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìdá fólítì tó kù ni a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. 0.63 lọ́nà 0.63 jẹ́ nǹkan bí 0.40. Mọ́tọ̀ tó yẹ kó fi gbogbo ara gbéra wá ń fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ gbìyànjú. Bí iyanrìn díẹ̀ bá wà lẹ́nu pọ́ǹpù, ó parí. Ìdí nìyẹn tí kàpásítọ̀ tuntun kò fi ràn án lọ́wọ́. Òru náà, tí àwọn ará àdúgbò bá ti sùn, fólítì ọ̀nà máa ń ga díẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń yí lóru.

Fólítì méje tí a ò rí

Wáyà 2.5 (ìyẹn ni pé ojú kọ́pà inú rẹ̀ fẹ̀ tó 2.5mm²) ni wọ́n fà, ẹyọ ẹyọ méjì, orí òpó igi àti orí igi dongoyaro ni wọ́n gbé e gbà. Mo ṣírò rẹ̀. Ìdènà kọ́pà jẹ́ 0.0172 ohm fún mítà kan bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 1mm² tí ooru rẹ̀ sì jẹ́ 20°C. Fún gbogbo ìwọ̀n ooru kan tó bá lé, yóò fi nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ọ̀sán oṣù Kẹta ni, mo fi wáyà sí 35°C, ó di 0.0182. Gígùn náà, lẹ́ẹ̀mejì lèèyàn ń kà á, nítorí iná ń lọ ó sì ń bọ̀: 360 mítà. 360 lọ́nà 0.0182, ká pín in sí 2.5, ó jẹ́ 2.62 ohm. Fi 11 ámpù sọ ọ́ di púpọ̀, ó fún wa ní 29 fólítì.

Ṣùgbọ́n 36 ni multimeter sọ. Fólítì méje sọnù tí ìṣirò kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ó lè jẹ́ oríkèé wáyà. Mo gun àkàbà, mo wọn ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó jẹ tó ìdajì ìdajì fólítì kan. A jẹ́ pé wáyà fúnra rẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n pa iná, mo gé díẹ̀ lórí rẹ̀, mo bó o, mo tú àwọn okùn inú rẹ̀ sórí ìwé. Okùn méje ni, bó ṣe yẹ. Wáyà 2.5 tòótọ́, okùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń nípọn tó 0.67mm. Mo fi vernier, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, di ọ̀kan mú: 0.60. Èkejì: 0.60. Méje irú ẹ̀ jẹ́ 1.98mm². Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kọ "2.5mm²" sí i lára gàdàgbà. Bí a bá wá fi 1.98 ṣe ìṣirò wa dípò 2.5, ìdènà á di 3.31 ohm, 11 ámpù á jẹ 36 fólítì. Ó bá multimeter mu géérégé.

Mo fi okùn náà han Alájì. Ó dákẹ́, ó ní, "Wọ́n ti jí ìdá kan nínú márùn-ún wáyà mi kí n tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Síbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí olè wáyà gba gbogbo ẹ̀bi. Bó jẹ́ 2.5 tòótọ́ ni, fólítì 29 náà kò ní jẹ́ kí pọ́ǹpù gbádùn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ronú pé wáyà 2.5 lè gbé 20 ámpù láì gbóná jù, pọ́ǹpù ò sì fà ju 9 lọ, àyè ṣì pọ̀. Òótọ́ ni, bí kànga bá wà lẹ́yìn kíṣìnì. Ámpù tí wáyà lè gbé jẹ́ ọ̀rọ̀ ooru: ṣé yóò yọ́ ike ara rẹ̀? Ibi tó jìnnà, kí ooru tó di ìṣòro rárá ni fólítì ti tán.

Mélòó ni ká wá fi sí i?

Òfin iṣẹ́ iná àwọn Gẹ̀ẹ́sì, BS 7671, tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, gbà kí 3 nínú ọgọ́rùn-ún fólítì nù lójú wáyà fún gílóòbù, 5 fún àwọn ẹ̀rọ tó kù. 5 nínú ọgọ́rùn-ún 230 jẹ́ 11.5 fólítì. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí a ní láti ná, láti ẹnu mítà títí dé ara mọ́tọ̀.

Ohun tí wọ́n sì máa ń gbàgbé ni 60 mítà tó wọ inú kànga. Wáyà náà fi fólítì ṣe oúnjẹ bí ti òkè. 4mm² ni ti Alájì. Nínú tábìlì òfin yẹn, 4mm² ń jẹ 11 mílífólítì fún ámpù kan nínú mítà kan, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lápapọ̀. 11 lọ́nà 9 lọ́nà 60 jẹ́ 5.9 fólítì. Ó ku 5.6 fún 180 mítà tòkè, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 3.5 mílífólítì fún ámpù kan nínú mítà kan. Wáyà 6 ń jẹ 7.3, kò dé ibẹ̀ rárá. 10 ń jẹ 4.4. 16 ń jẹ 2.8.

Lórí 10 àti 16 ni mo ti bá ara mi jiyàn. Tábìlì yẹn gbà pé wáyà ti gbóná dé 70°C, wáyà 10 tó gbé 9 ámpù péré kò sì lè gbóná débẹ̀, nítorí náà, ní ti òótọ́, 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ẹlòmíì á fi 10 sí i, pọ́ǹpù á sì yí. Ohun tó mú mi lọ sí 16 ni pé fólítì tó ń wọ oko náà kì í pé 230 láti ilẹ̀, àti pé mọ́tọ̀ yìí ń fẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ámpù rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Iṣẹ́ tó bá fi bíńtín wọlé lórí ìwé ló máa ń kùnà lóko. Wáyà 16 lè gbé ju 80 ámpù lọ. Àwa fẹ́ fi gbé 9. Alájì wò mí bí ẹni tó ń gba ìpín lọ́wọ́ oníṣòwò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ó bi mí nípa alumíníọ́mù. Ìdènà rẹ̀ tó ìlọ́po 1.6 ti kọ́pà, nítorí náà 25mm² rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 16 kọ́pà dọ́gba, ó sì dínwó. Bí a bá fẹ́ gbé e sórí òpó, mi ò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni a fẹ́ gbé e gbà, ojú ìdè rẹ̀ máa ń ní ìpẹ́ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, ó rọ̀ tó fi jẹ́ pé bí a dè é le lónìí, ó lè tú díẹ̀ bó bá yá, bó bá sì pàdé kọ́pà, ó ní irú lọ́ọ̀gì (ẹnu irin tí a fi ń so wáyà) tó yẹ kí a fi sí i. Ta ni yóò máa lọ tún un dè nísàlẹ̀ oko?

Ó bi mí nípa iná fésì mẹ́ta. Tó bá wà ni, òun ni ǹ bá fi gbogbo ẹnu sọ. Pọ́ǹpù 1.5HP oní-fésì mẹ́ta kò ju nǹkan bí 3 ámpù lọ lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, wáyà 4mm² lásán ìbá jẹ nǹkan bí 5 fólítì nínú 400, ó ku díẹ̀ kó tó 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò tíì ra pọ́ǹpù, tí fésì mẹ́ta sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Fésì kan ṣoṣo ló dé oko Alájì, oní-fésì kan sì ni jẹnẹrétọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ó tún ní aládùúgbò òun kan fẹ́ fi 24 fólítì láti ilé sólà fa omi lọ́nà jíjìn. Iṣẹ́ kan náà ní 24 fólítì ń fẹ́ bí ìlọ́po mẹ́wàá ámpù, ohun tó bá jẹ lójú wáyà, inú fólítì tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ni yóò ti yọ ọ́. Àdánù náà súnmọ́ ìlọ́po 90. Kí onítọ̀hún gbé páànẹ́lì rẹ̀ lọ sẹ́bàá kànga, tàbí kó ra ilé iṣẹ́ wáyà.

Dei-Dei

A ra armoured cable (kébù tí wọ́n fi irin wé lára) olókùn méjì, 16mm², 190 mítà láì ní oríkèé kankan. Lẹ́yìn ohun tí vernier ti fi hàn wá, mi ò ra róòlù kankan láì dán an wò mọ́. Mo gbé bátìrì mọ́tò 12 fólítì lọ sí ọjà Dei-Dei ní Àbújá, pẹ̀lú gílóòbù iná iwájú mọ́tò oní-55 wáàtì.

Àkọ́kọ́, mo ní kí oníṣòwò bó orí kébù náà. Okùn méje, 1.70mm lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Mo fi ọ̀bẹ họ okùn kan títí dé àárín: pupa ni dé inú. Àwọn kan wà tó jẹ́ alumíníọ́mù ni wọ́n fi kọ́pà bò, bí o bá họ ọ́ funfun á yọjú.

Lẹ́yìn náà, mo so okùn méjèèjì pọ̀ ní ìdí róòlù, mo fi orí wọn, gílóòbù àti bátìrì ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo, kí kọ́rẹ́ǹtì lọ kó bọ̀ nínú gbogbo 380 mítà náà. Òfin IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe òfin ohun èlò iná, sọ pé kọ́pà 16mm² kò gbọdọ̀ ní ju 1.15 ohm lọ nínú kìlómítà kan ní 20°C, nítorí náà 380 mítà kò gbọdọ̀ ju 0.437 lọ, nínú ooru 35 tí a wà, ó lè dé 0.46. Clamp meter tó ń ka DC, irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde, fi 4.2 ámpù hàn. Mo gbé ẹnu multimeter sára kọ́pà orí kébù fúnra rẹ̀, mi ò gbé e sára kílíìpù bátìrì, kí ìdènà kílíìpù má baà wọ inú ìṣirò. 1.93 fólítì. Pín in sí 4.2: 0.46.

Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Oníṣòwò tó kọ́kọ́ rò pé amí ni mo jẹ́ wá ní kí n bá òun dán róòlù mìíràn wò, èyí tí wọ́n kó wá fún òun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bá a ṣe é. Ohun tó jáde nínú ìyẹn, òun àti ẹni tó kó o wá ni.

Gbígbẹ́ ilẹ̀

Ibi tí mo fẹ́ kúrò kíákíá nìyí, àwọn ọmọkùnrin Gbagyi tó gbẹ́ ẹ ló ni ìyìn. Ilẹ̀ pupa gbígbẹ tó le bí bíríkì. A gbẹ́ ẹ dé 60 sẹ̀ǹtímítà, a tẹ́ iyanrìn, a fa kébù, a tún bu iyanrìn lé e, a tẹ́ téèpù ìkìlọ̀ kí a tó bò ó. Ìdí tí mo fi yan armoured ni ikán àti òkété. Ikán ìhà yìí kì í bọ̀wọ̀ fún ike. Mo ti hú wáyà tí wọ́n ti jẹ ẹ̀wù rẹ̀ dé kọ́pà. Irin tó wé e lára ni kò jẹ́ kí eyín wọn ràn án. A fi gland (ìdè ẹnu kébù) de irin náà lẹ́nu méjèèjì, a so ó mọ́ áàtì, mo sì gbá ọ̀pá áàtì mìíràn sílẹ̀ létí kànga. Nítorí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa, mo fi RCD 30 mílíámpù sí i, èyí tó máa ń gé iná bí iná bá ń jò lọ sílẹ̀.

Bírékà

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tún ní ewu kan tí wọn kì í sọ. Ká ní wáyà méjèèjì kan ara wọn lẹ́nu kànga nígbà tí ti àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìdènà wáyà jẹ́ 3.31 ohm, ti ọ̀nà iná láti ìta jẹ́ nǹkan bí 0.27, èyí tí mo yọ látinú bí 224 ṣe di 221 nígbà tí 11 ámpù ń lọ. 224 pín sí 3.58 jẹ́ nǹkan bí 63 ámpù. Bírékà C32 kì í já lójú ẹsẹ̀ àfi kó rí 160 sí 320. Yóò máa wo wáyà bó ṣe ń gbóná lórí igi dongoyaro, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni yóò tó já. Ẹni tó fi 32 rọ́pò 20 ti gba ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Pẹ̀lú kébù tuntun, 0.41 àti 0.27 jẹ́ 0.68 ohm, kọ́rẹ́ǹtì irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ á lé ní 320 ámpù. Mo dá C20 padà; 100 sí 200 ló ń fẹ́ kó tó já lójú ẹsẹ̀, gbígbéra mọ́tọ̀ kò sì ní dé ibẹ̀.

Títàn án

Pọ́ǹpù kan náà ni, kọ́ìlì tí wọ́n wé náà ló wà nínú rẹ̀, kàpásítọ̀ náà ni. Ọmọ iṣẹ́ mi tan án, kò kùn, ó gbéra. Fólítì tó kéré jù lẹ́nu kànga nígbà tó gbéra jẹ́ 208, ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 156. Bó ti ń ṣiṣẹ́: 222 ní changeover, 218 ní control box, 9.3 ámpù. Mo jẹ́ kí Alájì fọwọ́ ara rẹ̀ di multimeter mú kí ó kà á. A tún dán an wò lórí jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó yí.

Ó béèrè ohun tí a ó fi wáyà àtijọ́ ṣe. Ibi tí oòrùn kò tíì là lára rẹ̀, a gé e, a fi gbé iná lọ sí ilé adìyẹ. Gílóòbù LED mẹ́wàá oní-9 wáàtì kò fà tó ìdajì ámpù. Wáyà tó ń pa pọ́ǹpù kò ní jẹ ju fólítì kan àti díẹ̀ lọ níbẹ̀, kódà bó bá rìn gbogbo 180 mítà náà.

Iṣẹ́ tó kù ni ti inú kànga. 4mm² tó wà níbẹ̀ ló wá ń jẹ fólítì ju kébù òkè lọ báyìí. Mi ò fa pọ́ǹpù jáde nítorí ìyẹn nìkan, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn control box pé nígbàkígbà tí wọ́n bá fà á jáde, 6mm² ni kí wọ́n fi dá a padà: 5.9 fólítì á di 3.9.